Ẹ̀jẹ̀ Ìmàdò Kan Nínú Ìgò Mọ́kànlá

Ilé Luisu Pirodda,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Antoni Mímọ́,
Lodurài,
Sardinia.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èrèlé, ọdún 2019.

Paskale, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Torino lọ́hùn-ún? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ, àti ọmọ-ọmọ tí ó ń yọ eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Ṣé ikọ́ yẹn ti tú ọ sílẹ̀? Mo gbọ́ nínú rédíò pé yìnyín bọ́ ní apá ọ̀dọ̀ yín, oúnjẹ tí mo ń jẹ kò sì lọ mọ́. Mo sọ fún Gràssia ìyàwó mi pé àtẹ̀gùn ilé Paskale yẹn, òkúta dídán ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì dára tó tòsì. Jọ̀wọ́, máa di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Má sì gbàgbé láti pa gáàsì kí o tó sùn. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n pa gáàsì.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Gràssia ní kí n kí ọ dáadáa. Orúnkún mi ń dùn mí bí òjò bá ń bọ̀, ó sì ń dùn mí bí kò bá bọ̀. Àwọn àgùntàn ti bímọ, wàrà pọ̀, wàràkàṣì tí mo dì sínú àpótí yìí sì ni èyí tí o fẹ́ràn, èyí tí ó le. Má fi fún ọmọ tí ó ń yọ eyín. Ó lè há a lọ́fun.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé láti oṣù Bélú ni oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kàn ọ́, nítorí ìwọ ni o dì í rù mí.

O rántí ọdún tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ kọ́kọ́ wọ erékùṣù wa. Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ìyá rẹ ló kú tán, àfi abo kékeré kan tí ó ti sá wọgbó. Ìwọ ni o fà á lé mi lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi, o ní kí n má jẹ́ kí ìran rẹ̀ parun. O wọ ọkọ̀ lọ ní tìrẹ. Èmi ni mo kù pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ ń bí ọmọ títí ó fi kan Marchesa, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù báyìí. Ó dúdú, ó tóbi, ó ń rìn bí ìyàwó gómìnà. Inú igbó óákù tí ó wà lókè ọgbà àgùntàn mi ló ń gbé, kò ní ìwé, kò ní yẹtí nọ́ńbà ìjọba. O mọ̀ pé ìjọba ti fòfin de dída ẹlẹ́dẹ̀ sígbó nítorí àrùn yẹn. Gbogbo ará Lodurài ló ń bẹnu àtẹ́ lu ẹni tí ó bá da ẹlẹ́dẹ̀ sígbó, kò sì sí ẹni tí kò ní ọ̀kan níbẹ̀ nínú wọn.

Nígbà tí èso óákù ń já bọ́, mo ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ń wá kí Marchesa. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo rí ibi tí ó ti fi ara yún igi. Eléyínkan ni, akọ ìmàdò àgbà tí ọta ìbọn ti gé eyín rẹ̀ ọ̀kan kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, tí gbogbo ọdẹ agbègbè yìí ti ta lọ́fà ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ìbọn pa. Mo sọ ọ́ fún Gràssia nìkan, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi pamọ́. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn tí wọ́n wà ní ilé búrẹ́dì ti ń bi mí pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó.

Inú oṣù Bélú yẹn náà ni dókítà ẹran kan dé bá wa láti Cagliari. Ilenia Serri lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀, yóò sì fi oògùn fọ̀ ọ́ kí ó tó wọlé, yóò tún fọ̀ ọ́ bí ó bá jáde, títí Gràssia fi bi mí bóyá ilé wa ló dọ̀tí ni tàbí bàtà náà. Iṣẹ́ ìwádìí ló bá wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn náà ṣì ń jà láàárín àwọn ìmàdò orí òkè wa tàbí ó ti tán. Ó kó gbogbo àwa ọdẹ jọ sílé ọtí, ó sì là á yé wa pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń fa ibà yẹn. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ tí ó bá mú, agbára káká ni yóò fi là á já. Èyí tí ó bá là á já, àpá ogun náà kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́. Ó pín àwọn ìgò tíńtín fún ẹgbẹ́ ọdẹ kọ̀ọ̀kan, ó ní bí a bá pa ìmàdò, kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, kí a kọ orúkọ ọdẹ àti ibi tí ẹran ti kú sí ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó. Àwa la ta á ní kókó.

Bachis Tolu ṣì ni olórí ẹgbẹ́ wa. O mọ̀ ọ́n, ó fi ọdún méjì jù wá lọ, ó sì ń lò ó bí ogún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú ọjọ́ ọdẹ tiwa, ẹgbẹ́ ọdẹ Seddài, ìlú tí ó múlé gbè wá, ti fi ìgò méje ránṣẹ́ sí dókítà. Olórí wọn wá jókòó sílé ọtí wa níbí, ó ní òun gbọ́ pé ní Lodurài, ajá ló mọ ọdẹ ṣe, àwọn ènìyàn kàn ń gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Bachis kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó kan tiwa, kùrukùru bo òkè bí aṣọ. Àwa mọ́kànlá dúró níbùba wa láti àárọ̀, àwọn ajá ń gbó, a kò rí nǹkan kan. Èmi ń ro orúnkún mi, mo ń ro bóyá mo ti ilẹ̀kùn ọgbà àgùntàn, ni igbó iwájú mi bá mì. Ẹ̀rù ba mi, mo di ojú, mo yìnbọn. Nígbà tí mo la ojú, Eléyínkan ló nà sílẹ̀ níwájú mi. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó ń fẹ́ ọmọ mi sọ́nà ni mo yìnbọn pa.

Bí a ṣe ń pín ẹran ńkọ́? Ìwọ náà ti kọ ẹ̀yìn sí i rí. A gé e sí ọ̀nà mọ́kànlá, Bachis kọ ẹ̀yìn sí i, ẹnì kan ń fọwọ́ kan ìpín kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé ta ló ni èyí, Bachis sì ń dárúkọ láìwẹ̀yìn. Ẹni tí ó pa ẹran kò gbà ju ẹni tí ó sùn lọ níbùba rẹ̀, àfi orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a máa ń fi fún un kí ó lè fi ṣe fáàrí lára ògiri. Gbogbo èyí lọ bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo mú ìgò dókítà, tí mo gba ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀kan, tí mo fẹ́ kọ orúkọ mi sí i, ni Bachis gbà á lọ́wọ́ mi.

"Luisu, láti ìgbà wo ni ẹran ti ń jẹ́ ti ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yìí?"

Mo ní dókítà ní ẹran kan, ìgò kan. Ó ní dókítà, ọmọ ìgboro ni, kò mọ àṣà, bí a bá sì ń pín ẹran, kí ló dé tí a kò ní pín ẹ̀jẹ̀? Bó ṣe rọ ẹ̀jẹ̀ Eléyínkan sínú ìgò mọ́kànlá nìyẹn, ó wọ̀n ọ́n kí ti ẹnì kan má bàa pọ̀ ju ti ẹnìkejì lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dárúkọ wa. Olúkúlùkù gba ìgò tirẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì kọ ibùba ibi tí òun ti dúró. Ìmàdò tí ó kú síbì kan wá kú síbi mọ́kànlá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ti Seddài ni Bachis ń rò, kì í ṣe ti àṣà. N kò sì ní purọ́ fún ọ, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró nígbà tí ọdún Kérésì ku díẹ̀. Dókítà pè wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ya òkè wa sára bébà ńlá, ó sì gún abẹ́rẹ́ olórí pupa mọ́kànlá sí i. Ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní mọ́kànlá nínú mọ́kànlá ló ní àpá àrùn. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ó sì jẹ́ àgbà, òun ìbá ní ogun àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láti orísun omi títí dé ẹsẹ̀ àpáta, ìyẹn ni pé àrùn ń jó gbogbo òkè lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n ti ìgbà ọdẹ, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì gòkè wá yìnbọn pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá bá nínú igbó.

Fádà fúnra rẹ̀, tí ó ní ẹlẹ́dẹ̀ méjì nínú igbó, bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo di aṣọ Bachis mú, mo ní kí ó padà wọlé lọ sọ òótọ́. Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo ọmọ tí ń ṣe ibà.

"Kí Seddài wá gbọ́ pé ọdẹ mọ́kànlá jáde láàárọ̀, wọ́n pa ẹyọ kan, àti pé ìwọ tí o di ojú lo pa á?"

Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ mi yóò kú.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹlẹ́dẹ̀ rẹ máa kú, Luisu. Yẹ̀yẹ́ kì í kú."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ibi tí mo lè fi Marchesa pamọ́ sí. Ikùn rẹ̀ ti ń wú nígbà náà, o mọ ẹni tí ó ni oyún náà. Mo ro ihò àpáta, ó ń jò. Mo ro yàrá ìwẹ̀ wa. Gràssia ní bí Marchesa bá wọ yàrá ìwẹ̀, òun yóò jáde kúrò nílé, kí n yan ọ̀kan. Mo ní kí ó fún mi láyè kí n rò ó, ó sì bínú.

Kí dókítà tó fọwọ́ sí ìmọ̀ràn rẹ̀, ó ní ohun kan kù. Ó fẹ́ rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ìmàdò mọ́kànlá náà, nítorí eyín ni a fi ń mọ ọjọ́ orí wọn. Ó kà á sí pé a ti gbé wọn kọ́ sára ògiri, bí a ti ń ṣe. Bachis ní kò sí wàhálà. Ó ń rìn láti ilé dé ilé, ó sì ń yọ egungun lára ògiri ènìyàn. Mo rò pé n óò kú.

Lọ́jọ́ tí a pé sílé ọtí, egungun mọ́kànlá wà lórí tábìlì bí àwo oúnjẹ. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé àkọ́kọ́. Ìṣó ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá Bachis, ṣé ìṣó lẹ fi pa eléyìí ni?"

Bachis ní ẹ̀gún pọ̀ nínú igbó ibẹ̀. Dókítà gbé èkejì. Èéfín iná ìdáná ti sọ ọ́ di dúdú, bàbá bàbá Bachis ló pa á kí ogun Hitler tó bẹ́. Dókítà ní ó jọ pé ìyẹn máa ń mu tábà. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ilé ni èyí. Mo mọ̀ ọ́n. Ilé mi la ti jẹ ẹ́ nígbà Àjíǹde, Gràssia sì ti ń wá egungun yẹn láti ọjọ́ mẹ́ta. Báyìí ni ó ṣe ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń gbé wọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, títí ó fi kan tèmi, tí ó ṣì ń rùn, tí ó ní eyín gígùn kan ṣoṣo. Ó pẹ́ lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀jẹ̀ mọ́kànlá tí ẹ fún mi, nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ń mú wá. Mo ti rí ìbejì rí. Mo ti rí ìbẹ́ta. N kò tíì rí ìbọ́kànlá." Kò gbóhùn sókè rárá. "Ohun tí ìgò bá sọ fún mi ni mo gbọ́dọ̀ kọ, àfi bí ènìyàn bá sọ òmíràn."

Ó jókòó, ó ń dúró. Bachis ń wo àjà ilé. Èmi ń wo eyín Eléyínkan, mo wá rí ìwọ, Paskale, pẹ̀lú àpótí rẹ lórí ọkọ̀ ojú omi, àti ìyá rẹ tí ó di ẹnu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ṣófo mú. Mo dìde.

"Ọmọ mi, ẹyọ kan ni. Èmi ni mo pa á. Mo di ojú."

"Luisu," ni Bachis wí, "o pa wá."

Mo ní, "Ìmàdò kan ṣoṣo ni mo pa, Bachis."

Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ múra le. Ó pa ẹnu pọ̀ títí, kò lè pa á pọ̀ mọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹni tí ó ń ta ọtí gbé omi fún un. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ pupa mẹ́wàá kúrò lára àwòrán rẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Mo rò pé ó ti parí. Ó ní rárá. Akọ àgbà kan tí ó ní àpá, ogun àtijọ́ ni, àfi bí ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn tí ó bá a rìn láìpẹ́ bá ní àrùn náà lára. Bí ìyẹn bá ní in, àrùn ṣì wà lórí òkè, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó yóò sì gòkè wá náà ni. Ó béèrè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ kankan wà tí a mọ̀ pé ó sún mọ́ Eléyínkan.

Wọ́n kàn yí ojú sọ́dọ̀ mi ni, gbogbo wọn, bí àgùntàn tí ó gbọ́ ìró iyọ̀.

Bó ṣe di pé gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ Lodurài, títí kan ti fádà, so mọ́ ẹ̀jẹ̀ Marchesa nìyẹn. A gòkè lọ. Bachis ní òun yóò di etí rẹ̀ mú, nítorí òun mọ bí a ti ń di ẹlẹ́dẹ̀ mú. Marchesa dúró jẹ́ẹ́ títí abẹ́rẹ́ fi kàn án, ni ó bá mirí lẹ́ẹ̀kan, ni Bachis bá jókòó sínú ẹrẹ̀ títí dé ìbàdí. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ìgò kan," ó sọ fún Bachis, "ẹran kan." Bachis mi orí láti inú ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ mí. Bí Marchesa bá sín, èmi ni ibà ń mú. Mo ń fọwọ́ kan etí rẹ̀ láàárọ̀ bóyá ó gbóná, mo ń fọwọ́ kan tèmi kí n lè fi wé e. Ọjọ́ àjọ̀dún Antoni Mímọ́ dé, wọ́n kó igi jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá iná ńlá bí ti àtẹ̀yìnwá, gbogbo ènìyàn ń yí i ká, wáìnì ń lọ. Èmi kò lè mu. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá ère ẹni mímọ́ náà pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ kékeré tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí, ẹlẹ́dẹ̀ ni mo gbàdúrà sí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò tètè yé e ju ẹni mímọ́ lọ.

Bàtà rọ́bà ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo jáde. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ náà rán fóònù, ó wakọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó dúró síwájú mi níbi iná, ó ní, "Bàbá Luisu, kò sí àrùn lára rẹ̀, kò sì sí àpá. Ara rẹ̀ le ju ti gbogbo yín lọ." Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà. Bachis gbé ife wáìnì lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn dókítà wá yí padà. Ìgbà ọdẹ kò tì, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kò yìnbọn. Ṣùgbọ́n ó ní àánú òun ní ààlà. Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú igbó, kí wọ́n wọ ọgbà, kí wọ́n gba ìwé àti yẹtí, kí ọ̀rọ̀ wọn àti ti ìmàdò yàtọ̀. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́, pé ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a ba ìlú jẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn sọ̀kalẹ̀, a wá rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ Lodurài pọ̀ ju ènìyàn ibẹ̀ lọ. Ti fádà kì í ṣe méjì.

Seddài gbọ́, dájúdájú. Wọ́n ti fi wá kọ orin. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bachis béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹran méje ni ìgò méje ti Seddài lóòótọ́, dókítà kàn wúkọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni Bachis ti ń jẹun dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Marchesa bímọ. Mẹ́fà ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ní ìlà gígùn lẹ́yìn bí ti ọmọ ìmàdò, kò sí bí a ṣe lè sẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, abo, etí rẹ̀ kan funfun bí ti èyí tí o fà lé mi lọ́wọ́ gan-an. Ìran ẹlẹ́dẹ̀ ìyá rẹ kò parun, Paskale. Tìrẹ ni ìyẹn, wá wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹsẹ̀ rẹ bá gbà.

Dókítà wá láti kọ wọ́n sínú ìwé ìjọba. Gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e gòkè, wọ́n fara ti ọgbà tuntun náà. Ó kọ orúkọ ìyá, ó kọ orúkọ mi, ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè akọ tí ó gùn ún. Ó wo àwọn ìlà ẹ̀yìn wọn, ó wò mí, gègé rẹ̀ dúró sójú kan. Kò fẹ́ kọ ìmàdò sínú ìwé ìjọba, kò sì fẹ́ purọ́.

"Ta ni kí n kọ pé ó ni àwọn ọmọ yìí?"

Bachis rọra kọ ẹ̀yìn sí ọgbà, ó káwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni tí ó ń pín ẹran.

"Kọ orúkọ àwa mọ́kànlá."

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí àwọn ọmọ, kí o fẹnu ko ọmọ-ọmọ náà lẹ́nu fún mi, bí kò bá ní kátá. Gràssia kí ọ, Bachis náà ní kí n kí ọ, ó sì ní bí ẹnì kan bá bi ọ́ léèrè ní Torino, mọ́kànlá ni. Di irin àtẹ̀gùn mú.

Èmi ni, ẹni tí ó ń bá ọ sùn láìsùn,
Luisu.

Gáàsì, Paskale.